Àwọn Mẹ́rin Tí Ìwé Ìhágún Kò Dárúkọ

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1799, ní Mount Vernon, lẹ́bàá odò Potomac ní ilẹ̀ Virginia. Ẹni tó ń kú lọ nínú yàrá òkè ni George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà ní, ẹni ọdún 67. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀gágun, kí ó tó di ààrẹ, olóko ni. Tábà ni ó kọ́kọ́ ń gbìn nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé Virginia lórí; nígbà tó yá, ó fi tábà sílẹ̀, ó gba àlìkámà mú. Ilẹ̀ rẹ̀ ní Mount Vernon tó éékà 8,000, oko márùn-ún ló wà lórí rẹ̀, àwọn ẹrú tó wà níbẹ̀ sì lé ní 300.

Tobias Lear, akọ̀wé rẹ̀, wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìdájí títí ẹ̀mí fi bọ́. Ó kọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, ó ń kọ aago mọ́ ọn, òun ló jẹ́ ká lè tọ ipa ọjọ́ náà lónìí. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ Lear, ẹni tó wà lórí ibùsùn ni ojú rẹ̀ máa ń lọ sí. Èmi fẹ́ ká máa wo àwọn tó wà lórí ìdúró. Lear dárúkọ wọn: Christopher, Caroline, Molly, Charlotte. Ẹrú ni wọ́n, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n mú ìwé ìhágún méjì jáde nínú ilé náà, wọ́n sun ọ̀kan, wọ́n tọ́jú ọ̀kan. Èyí tí wọ́n tọ́jú kò lè ṣe ohunkóhun fún àwọn mẹ́rin yìí. Ẹlòmíràn ló ni wọ́n, onítọ̀hún sì ti kú láti ọdún 1757.

Láàárín aago méjì sí mẹ́ta òru

Ọ̀gágun jí Martha, ìyàwó rẹ̀. Ó ní ara òun kò yá, òtútù ń mú òun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ̀rọ̀ mọ́, èémí rẹ̀ ń há. Martha fẹ́ dìde lọ pe ọmọ ọ̀dọ̀, ọkọ rẹ̀ kò gbà fún un. Òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìyàwó náà sílẹ̀ ni, kò fẹ́ kó tún kó òmíràn. Báyìí ni tọkọtaya náà dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń retí ojúmọ́.

Àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó gun ẹṣin yí oko rẹ̀ ká láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, nínú òjò dídì, nínú yìnyín, nínú òjò. Nígbà tó délé, oúnjẹ ti wà nílẹ̀, kò pààrọ̀ aṣọ kó tó jókòó tì í. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀fun ti ń dùn ún, òjò dídì sì ti bo ilẹ̀ funfun, síbẹ̀ ó jáde lọ sàmì sára àwọn igi tó fẹ́ kí wọ́n gé láàárín ilé àti odò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ ti há, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ka ìwé ìròyìn fún wọn. Lear ní kó lo nǹkan sí òtútù náà. Ó ní òun kì í lo nǹkan sí i, bó ṣe wá náà ni yóò ṣe lọ.

Ojúmọ́

Caroline Branham ló ṣílẹ̀kùn wọlé láti wá dá iná. Martha rán an pé kó sáré lọ pe Lear. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ lẹ́yìn ìyàwó pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ Caroline ni láti máa tún àwọn yàrá ṣe, ó sì tún ń ránṣọ. Ìyá ọlọ́mọ ni. Ọkọ rẹ̀, Peter Hardiman, ló ń tọ́jú àwọn ẹṣin. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, ẹrú ni wọ́n látinú oyún, nítorí òfin Virginia ní ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ń tọ̀ bí ó bá di ọ̀rọ̀ ẹrú. Baba ìbáà jẹ́ ọmọlúwàbí olómìnira, ìbáà jẹ́ ọlọ́lá, bí ìyá bá ti jẹ́ ẹrú, ẹni tó ni ìyá ló ni ọmọ. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, òun la ó bá dé ìdí ọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́.

Lear dé, ó rí i pé Ọ̀gágun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mí. Wọ́n ránṣẹ́ lọ sí Alexandria láti pe Dókítà James Craik, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe wọn lójú ogun. Wọ́n po omi ìrèké dúdú mọ́ ọtí kíkan àti bọ́tà pé kó gbé e mì. Kò lọ. Gbogbo ìgbà tó bá gbìyànjú, ńṣe ni yóò máa gbọ̀n, bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ.

Oòrùn yọ

Rawlins dé, ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó oko, ẹni tó máa ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ẹrú bí ara wọn kò bá yá. Ìwòsàn ìgbà náà nìyẹn. Wọ́n gbà pé bí àìsàn bá wọ ara, ẹ̀jẹ̀ ló gbé e, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn jáde. Ọwọ́ Rawlins ń gbọ̀n. Ọ̀gágun ní kó má bẹ̀rù. Nígbà tó là á lápá, aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ pé ojú ọgbẹ́ náà kéré. Martha ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbà á jù, ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n gbà sí i.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, lẹ́ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tó ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà ní ó lé ní lítà méjì. Àwọn dókítà òde òní tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò gbà pé ìdérí gògóńgò rẹ̀ ló wú tó sì dí ọ̀nà èémí. Ẹni tí kò rí afẹ́fẹ́ fà, wọ́n tún ń dín ẹ̀jẹ̀ tí ì bá gbé afẹ́fẹ́ náà kiri ara rẹ̀ kù.

Aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀

Ọ̀gágun ní òun fẹ́ dìde. Wọ́n wọṣọ fún un, wọ́n mú un lọ sórí àga lẹ́bàá iná. Nígbà tí kò rí ìdẹ̀ra níbẹ̀, ó padà sórí ibùsùn ní nǹkan bí aago mẹ́wàá.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wọṣọ fún Ọ̀gágun, láti máa di irun rẹ̀, láti máa tẹ̀ lé e káàkiri, ni Christopher Sheels, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. William Lee ló ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, òun ló bá Washington la gbogbo ogun òmìnira já, ṣùgbọ́n eékún Lee méjèèjì bàjẹ́, iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Christopher. Ó bá olówó rẹ̀ gbé ní New York àti Philadelphia nígbà tó jẹ́ ààrẹ. Lọ́dún 1797, ajá kan bù ú jẹ, wọ́n sì bẹ̀rù pé dìgbòlugi ni ajá náà. Washington rán an lọ sí Lebanon ní Pennsylvania láti gba ìtọ́jú lọ́wọ́ dókítà kan tó lórúkọ fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Pennsylvania ti ṣòfin láti máa fòpin sí oko ẹrú nígbà náà. Christopher lọ, ó sì padà wá.

Ìyàwó rẹ̀ kò sí ní Mount Vernon, ẹrú ẹlòmíràn ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1799, oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ọjọ́ tí à ń sọ yìí, ìwé pélébé kan já bọ́ nínú àgbàlá, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Washington. Ètò tí tọkọtaya náà ń ṣe ló wà nínú rẹ̀: wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi ní Alexandria, wọn yóò sá lọ. Washington kọ̀wé sí ẹni tó ni ìyàwó, ètò náà sì forí ṣánpọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án, òun náà ló dúró ti ibùsùn olówó rẹ̀ nínú oṣù Kejìlá yìí. Mi ò mọ irú ọkàn tí ènìyàn fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní máa bú ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni Dókítà Craik dé. Ó fi kòkòrò gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ sí aláìsàn lọ́rùn kí ara ibẹ̀ lè léròrò, ó tún gba ẹ̀jẹ̀, ó ní kó fi ọtí kíkan àti omi ewé fọ ọ̀fun. Nígbà tí Ọ̀gágun gbé orí sẹ́yìn láti fọ ọ̀fun náà, èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Dókítà Brown ní òdìkejì odò. Ní aago mọ́kànlá, wọ́n tún ránṣẹ́ sí Dókítà Elisha Dick.

Aago mẹ́ta ọ̀sán

Dick dé, Brown dé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ki, ó ń falẹ̀ jáde. Dick ló kéré jù nínú àwọn dókítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní kí wọ́n dá ihò sí ọ̀nà èémí nísàlẹ̀ ibi tó dí kí aláìsàn lè rí afẹ́fẹ́. Àwọn àgbà méjèèjì kò gbà.

Lọ́sàn-án yẹn ni ojú Ọ̀gágun kan Christopher. Ó ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ ti ṣòro fún Ọ̀gágun, ó fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe pé kó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Àwọn tó fẹ́ràn Washington máa ń tọ́ka sí èyí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí àánú rẹ̀, èmi náà kò sì sẹ́ ẹ. Àánú ni. Ṣùgbọ́n àga ló lè fún un. Ohun tí Christopher ń wá nínú oṣù Kẹsàn-án kì í ṣe àga.

Aago mẹ́rin ààbọ̀

Ọ̀gágun ní kí Lear pe Martha wá. Ó ní kó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ìkọ̀wé òun, kó mú ìwé ìhágún méjì wá nínú tábìlì. Martha mú wọn wá. Ọ̀gágun wò wọ́n, ó fa ọ̀kan lé e lọ́wọ́ pé èyí kò wúlò mọ́, èkejì ti gba ipò rẹ̀, kó sun ún. Martha sun ún. Ó gbé èkejì lọ tọ́jú.

Èyí tí wọ́n tọ́jú yẹn, Washington ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, láìpe lọ́yà kankan sí i, ó sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún náà. Ojú ìwé 29 ni. Ohun ìní tó ṣírò mọ́ ọn lé ní dọ́là 500,000. Kò bímọ. Gbogbo ọmọ tó tọ́, ọmọ ìyàwó ni, lẹ́yìn náà ọmọ-ọmọ ìyàwó. Ó ní kí Martha máa jẹ gbogbo rẹ̀ títí yóò fi kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ńlá Mount Vernon fúnra rẹ̀ lọ fún Bushrod Washington, ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ. Nelly, ọmọ-ọmọ Martha, àti ọkọ rẹ̀ Lawrence Lewis gba ilẹ̀ tó lé ní éékà 2,000 pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlọ-àlìkámà àti ilé ìpọntí. George Washington Parke Custis, àbúrò Nelly, gba bíi éékà 1,200 nítòsí Alexandria. Ìyókù, kí wọ́n tà á, kí wọ́n pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà 23. Àwọn ọmọ-ọmọ Martha obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba ìpín kan nínú rẹ̀. Arákùnrin wọn bá Bushrod àti Lewis pín ọ̀kan.

Ó tún ní kí wọ́n dá àwọn ẹrú òun sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ ènìyàn 123, kí òmìnira wọn sì dúró de ìgbà tí Martha bá kú. William Lee nìkan ló dá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa fún un ní dọ́là 30 lọ́dọọdún. Àwọn arúgbó, kí wọ́n máa bọ́ wọn, kí wọ́n máa wọ̀ wọ́n láṣọ. Àwọn ọmọ tí kò ní òbí, kí wọ́n kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti kíkọ, kí wọ́n di òmìnira bí wọ́n bá pé ọdún 25. Kí ẹnikẹ́ni má sì tà wọ́n jáde kúrò ní Virginia lábẹ́ àwáwí kankan. Nínú àwọn olóko ńlá tó dá orílẹ̀-èdè yẹn sílẹ̀, díẹ̀ ló ṣe tó báyìí. Mo fún un ní ọlá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ènìyàn 153 tún wà ní Mount Vernon tí ìwé náà kò lè fọwọ́ kàn, àwọn mẹ́rin inú yàrá sì wà lára wọn. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni a ti gbọ́dọ̀ wá ìdí ọ̀rọ̀ wọn.

Kí Martha tó fẹ́ Washington, ó ti ní ọkọ kan, Daniel Parke Custis, olóko ní àgbègbè New Kent, ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jù ní Virginia. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní éékà 17,000. Ní oṣù Keje ọdún 1757, àìsàn kọlù ú lójijì, ó kú. Kò kọ ìwé ìhágún. Nígbà tí olóko kú tí kò sọ bí wọ́n ṣe máa pín nǹkan rẹ̀, òfin ló bá a pín in. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló bọ́ sọ́wọ́ opó, ẹrú 84 sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ pátápátá. Yóò máa lò ó nígbà ayé rẹ̀ ni. Kò lè tà á, kò lè fún ẹlòmíràn, kò sì lè dá a sílẹ̀. Bó bá kú, ogún yóò padà sí ìdílé Custis. Nígbà tí Washington fẹ́ Martha lọ́dún 1759, ó gba ìtọ́jú ogún yẹn, kò gba ogún náà.

Doll wà lára àwọn tí wọ́n kó wá láti oko Custis nígbà ìgbéyàwó náà, òun ló ń se oúnjẹ. Doll bí Alce, Alce bí Christopher. Ọmọ-ọmọ Doll ló dúró ti ibùsùn lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn 84 ti di 153 lọ́dún 1799 láìsí pé ẹnikẹ́ni rà kún wọn. Ìbímọ ló sọ wọ́n di púpọ̀. Gbogbo ọmọ tí obìnrin ẹrú Custis bí, fún ẹni yòówù kó bí i fún, Custis ló ni ín. Frank Lee, tó ń gbé oúnjẹ sórí tábìlì Washington, ẹrú Washington ni, òun yóò di òmìnira. Ìyàwó rẹ̀ Lucy, ọmọ Doll, tó ń se oúnjẹ náà, ẹrú Custis ni, òun àti gbogbo ọmọ wọn. Washington kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ìgbéyàwó àwọn tòun pẹ̀lú àwọn ti Custis ló jẹ́ kí òun fi ìdásílẹ̀ dúró de ikú Martha, kí òun má bàa rí ìbànújẹ́ tí ìyapa wọn yóò fà.

Ta ni ogún náà ń dúró dè? Daniel àti Martha bí ọmọ mẹ́rin, méjì ló dàgbà díẹ̀. Patsy kú lọ́dún 1773. Jacky kú lọ́dún 1781, lẹ́yìn ogun Yorktown, ẹni ọdún 26. Ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: Eliza, Martha tí wọ́n ń pè ní Patty, Nelly àti George. Àwọn ọmọ-ọmọ Daniel Parke Custis nìyí. Wọn kò mọ bàbá-bàbá wọn rí, ó ti kú kí wọ́n tó bí ìkankan nínú wọn. Síbẹ̀ wọ́n ni yóò jogún Christopher, Caroline, Molly àti Charlotte.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí, àwọn ẹrú náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí Eliza fẹ́ Thomas Law lọ́dún 1796, Martha fẹ́ fa ọmọbìnrin kan, Ona Judge, lé e lọ́wọ́. Ona gbọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún náà, nígbà tí ìdílé Washington jókòó sídìí oúnjẹ ní Philadelphia, ó jáde nílé náà kò sì padà mọ́. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Portsmouth ní New Hampshire. Washington rán ènìyàn wá a lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò rí i mú.

Ṣé Washington kò lè ṣe nǹkan kan fún àwọn 153 ni? Òfin dè é, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò sọ pé kí ó má rà wọ́n. Ó lè bá àwọn ọmọ-ọmọ náà ṣàdéhùn, kó san iye wọn, nítorí ilẹ̀ rẹ̀ wà káàkiri títí dé ẹ̀bá odò Ohio. Ó tiẹ̀ gbé e yẹ̀ wò: lọ́dún 1796, ó kéde pé òun fẹ́ fi mẹ́rin nínú oko òun háyà fún àwọn àgbẹ̀, kí ó lè ráyè dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Kò rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ kan náà tí ó pín ilẹ̀ àti ẹ̀rọ ìlọ-àlìkámà fún lófẹ̀ẹ́ nínú ojú ìwé 29 yẹn ni ì bá bá sọ̀rọ̀. Ó lè so ilẹ̀ mọ́ òmìnira: gba èyí, fi ìwọ̀nyí sílẹ̀. Kò ṣe é. Èmi ò lè fojú fo ìyẹn.

Aago márùn-ún sí mẹ́jọ alẹ́

Lẹ́yìn tí ìwé ìhágún jóná tán, Ọ̀gágun di ọwọ́ Lear mú. Ó ní òun ń lọ, èémí òun kò ní pẹ́ pin, kí Lear to àwọn lẹ́tà àti ìwé ogun òun, kó yanjú ìṣírò owó òun. Ó bi í léèrè ìgbà tí Lawrence Lewis àti Custis yóò dé. Àwọn méjèèjì ti rìnrìn àjò lọ sí New Kent, níbi tí oko Custis wà. Lear ní wọn yóò dé ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù náà. Ọ̀gágun kò fèsì. Nelly wà nínú ilé kan náà, ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ọjọ́ 17 ṣáájú, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn méjì tó kù wà ní ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ láti fi ṣe olú ìlú. Báyìí ni ó fi di pé nínú àwọn mẹ́rin tó máa jogún, ìkankan kò sí nínú yàrá, àwọn mẹ́rin tí wọ́n máa jogún ló wà níbẹ̀.

Ó sọ fún Craik pé ikú òun kò rọrùn, ṣùgbọ́n òun kò bẹ̀rù láti lọ. Craik kò lè dáhùn, ó lọ jókòó síbi iná. Ọ̀gágun dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà yòókù, ó ní kí wọ́n má ṣe làálàá mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ ní ìrọ̀rùn. Ní aago mẹ́jọ, wọ́n tún di èèrí àlìkámà gbígbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Aago mẹ́wàá alẹ́

Ó gbìyànjú púpọ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n sin òun lọ́nà tó bójú mu, kí wọ́n má sì kánjú gbé òun sínú ibojì, kí ọjọ́ kọjá díẹ̀ ná. Ẹ̀rù kí wọ́n má lọ sin ẹni tí kò tíì kú wọ́pọ̀ nígbà náà. Ó bi Lear bóyá ó yé e, Lear ní ó yé òun. Ó ní ó dára.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ìgbà tó kú, èémí rẹ̀ rọlẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Lear, ó fi di ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ mú bí ẹni tó ń ka ìlùkìkì ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ náà já bọ́. Craik fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀. Martha, tó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, béèrè bóyá ó ti lọ. Lear kò lè sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Martha ní ó dára bẹ́ẹ̀, òun náà kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Lear kọ ibi tí olúkúlùkù wà nígbà tí ẹ̀mí bọ́ sílẹ̀. Christopher wà nítòsí ibùsùn. Caroline, Molly àti Charlotte dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Molly ló tọ́ àwọn ọmọ-ọmọ Martha láti kékeré. Charlotte ń ránṣọ nílé náà. Lear kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n sọ.

Ọ̀gànjọ́

Wọ́n gbé òkú náà sọ̀kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sínú yàrá ńlá nísàlẹ̀. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ 18 oṣù náà.

Lẹ́yìn náà

Nígbà tí ilé ẹjọ́ Fairfax gba ìwé ìhágún náà ní oṣù Kìíní ọdún 1800, gbogbo ayé mọ̀ pé òmìnira ènìyàn 123 so mọ́ ẹ̀mí obìnrin kan ṣoṣo. Ọkàn Martha kò balẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Abigail Adams, ìyàwó ààrẹ ìgbà náà, bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Martha fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ wọn. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1801 ni wọ́n di òmìnira. Frank Lee di òmìnira. Lucy, ìyàwó rẹ̀, kò di òmìnira.

Martha kú ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1802. Ẹrú kan ṣoṣo ló jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, Elisha, kò sì dá a sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà náà ni wọ́n pín ogún Daniel Parke Custis, ọdún 45 lẹ́yìn ikú rẹ̀, fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orí-ò-jorí ni wọ́n fi pín in, ènìyàn ni wọ́n sì pín: ọ̀nà mẹ́rin, agbo ilé mẹ́rin, ìyá síbí, ọmọ sọ́hùn-ún. Ọkọ Eliza dá díẹ̀ sílẹ̀ nínú tirẹ̀ nígbà tó yá, àbúrò Ona Judge sì wà lára wọn.

George Washington Parke Custis kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kàn án lọ sórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó fi wọ́n kọ́ ilé ńlá kan, ó pè é ní Arlington. Ó kú lọ́dún 1857. Ó kọ ìwé ìhágún ní tirẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn ẹrú òun sílẹ̀ kó tó pé ọdún márùn-ún. Àna rẹ̀, Robert E. Lee, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, ó sì ń bá Amẹ́ríkà jagun lọ́wọ́ nítorí ọ̀rọ̀ oko ẹrú nígbà tí àkókò pé. Ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1862 ló fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ àwọn ará Arlington. Ọdún 63 àti ọjọ́ 15 ti kọjá láti alẹ́ tí àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn.